Ayaba Nínú Aṣọ Ìdọ̀họ

Bí mo bá fi iṣẹ́ ayàwòrán Manolo Valdés han àwọn tó ń kọ́ àwòrán lọ́dọ̀ mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni pé, "Kí ló dé tó fi àpò ìdọ̀họ ya ayaba?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn ín.

Valencia ní Sípéènì ni wọ́n bí Valdés sí lọ́dún 1942. Òun, Rafael Solbes àti Joan Antoni Toledo ló dá ẹgbẹ́ ayàwòrán Equipo Crónica sílẹ̀ ní 1964. Solbes kú ní 1981, Valdés sì ń dá ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Ayaba tó ń yà lóríṣiríṣi, tó gbẹ́ nígi, tó sì dà ní idẹ, ni Mariana, ìyàwó Ọba Felipe Kẹrin ti Sípéènì. Diego Velázquez, ayàwòrán ààfin ọba náà, ló kọ́kọ́ yà á báyìí ní nǹkan bí ọdún 1652: aṣọ dúdú tí fàdákà ń dán lára rẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ kọjá ààlà, irun tó nà sọ́tùn-ún sósì bí ìyẹ́. Ojú ọmọbìnrin náà kò túká. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi í fún ọba yìí, ẹni tó jẹ́ arákùnrin ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo rò pé ṣe ni àwọn àgbà ayàwòrán ń ya òwú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ iṣẹ́ Velázquez ní mùsíọ́ọ̀mù Prado ní Madrid, fàdákà etí aṣọ yẹn á di ọ̀dà tí búrọ́ọ̀ṣì kàn fọwọ́ bà lásán. Ẹ rìn sẹ́yìn díẹ̀, fàdákà á tún padà dé.

Ohun tí Valdés mú lò nìyẹn. Ó gé ìdọ̀họ, ó rán ègé mọ́ ègé, ó jẹ́ kí etí wọn máa tú, ó wá fi ọ̀dà olóróró tó ki lé e. Ojú ìránpò rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì Velázquez ṣe. Nítorí náà, n kò gbà pé ó fi ayaba wọ́lẹ̀. Ó ń fi hàn wá bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀dà olóróró lé ìdọ̀họ gbẹrẹfu. Òróró yẹn a máa jẹ òwú. Ẹ fi àtè kùn ún ná, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún un kùn, lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀dà funfun tẹ́ ìsàlẹ̀. Ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé, torí ìmọ́lẹ̀ a máa sọ òwú ìdọ̀họ di dúdú, á sì máa gé pẹ́pẹ̀pẹ́.

Bí ẹ bá sì wá dúró níwájú iṣẹ́ Valdés fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó láti ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kẹ́ ẹ máa wò ó láti ibẹ̀: òjìji tí okùn àti etí aṣọ ń jù ni ẹ ti ń pè ní irun ayaba látàárọ̀.