Fíìmù tó ń pa wá lẹ́kún: ṣé dandan ni kó parí sí ayọ̀?

Bí mo bá ní kí ẹnì kan wo fíìmù kan, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé: “Ṣé ó dára níparí?” Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn òṣèré ló ń bèèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa fà mọ́ nínú eré náà á kú. Mo mọ ohun tó ń sá fún, mi ò sì dá a lẹ́bi, torí ẹkún ò wọ́n láyé. Síbẹ̀, nínú àwọn fíìmù tí mi ò lè gbàgbé, èyí tó pọ̀ jù ló pa mí lẹ́kún. Mo wá kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ.

Kí ló dé tí ẹni tí ara rẹ̀ dá á fi jókòó, tí á mọ̀ọ́mọ̀ máa wo ohun tó ń bà á nínú jẹ́?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1757, David Hume, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Scotland, kọ àròkọ lé e lórí. Ohun tó rú u lójú ni pé bí eré bá ṣe ń dun òǹwòran tó, bẹ́ẹ̀ ni òǹwòran ṣe ń gbádùn rẹ̀ tó. Ṣáájú rẹ̀, ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, Aristotle ti sọ nílẹ̀ Gíríìsì pé eré ìbànújẹ́ máa ń ru àánú àti ìbẹ̀rù sókè nínú wa, ó sì máa ń fọ ọkàn wa mọ́ bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ náà, wọn ò tíì fẹnu kò sí ohun tó ní lọ́kàn gan-an.

Èmi ní tèmi gbà pé ọ̀rọ̀ àyè ni. Bí ìbànújẹ́ bá dé bá wa lójú ayé, iṣẹ́ ló máa ń kó dání: ta ló máa pe dókítà, ta ló máa sọ fún àwọn ọmọ, ta ló máa san owó. Lọ́dún tí ìyá mi kú, èmi ni mo ń ṣe gbogbo ìyẹn, omi ò sì bọ́ lójú mi. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí mo ń wo fíìmù kan, tí obìnrin kan nínú rẹ̀ ń kó aṣọ ìyá rẹ̀ tó ti kú sínú páálí. Ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan súwẹ́tà kan, ó dúró, ó gbé e símú, kò sì ká a mọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ẹkún gbé mi, mi ò sì lè dá a dúró. Kì í ṣe obìnrin yẹn ni mò ń sunkún fún, ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ṣé ẹkún yẹn tiẹ̀ ń ṣe èèyàn lóore?

Ó lè ṣe é lóore, àmọ́ kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Asmir Gračanin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2015. Wọ́n fi fíìmù tó ń bani nínú jẹ́ han àwọn èèyàn, wọ́n sì ń béèrè bí inú wọn ṣe rí. Inú àwọn tó sunkún bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí fíìmù ṣe parí. Nígbà tó fi máa di 20 ìṣẹ́jú, wọ́n ti padà sí bí wọ́n ṣe wà. Nígbà tó di 90 ìṣẹ́jú, ara wọn ti wá yá gágá ju ìgbà tí wọn ò tíì wo fíìmù lọ. Nítorí náà, ẹ má fi ìṣẹ́jú tí iná tàn dá fíìmù lẹ́jọ́.

Robin Dunbar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford náà ṣe tiwọn ní 2016. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn fẹ̀yìn ti ògiri, kí wọ́n lóṣòó bí ẹni jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí itan tó ro wọ́n kọjá ìfaradà. Lápapọ̀, lẹ́yìn fíìmù tó kún fún ìbànújẹ́, àwọn tó wò ó lè fara da ìrora náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkàn wọn sì fà mọ́ àwọn tí wọ́n jọ wò ó. Ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wo fíìmù ẹ̀kọ́ lásán.

Wákàtí méjì la fi wo fíìmù. Kí ló dé tó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn la fi ń dá a lẹ́jọ́?

Torí pé bí ìrántí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ní 1993, Daniel Kahneman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn ki ọwọ́ bọ omi tútù lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan jẹ́ 60 ìṣẹ́jú-àáyá. Èkejì jẹ́ 60 kan náà, àmọ́ wọ́n fi 30 lé e, wọ́n sì jẹ́ kí òtútù omi náà dín kù díẹ̀ nínú 30 ìkẹyìn yẹn. Ẹ ò rí i pé ìyà ti èkejì ló pẹ́ jù? Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n béèrè èyí tí wọ́n máa tún ṣe, èkejì ni ọ̀pọ̀ jù lọ mú, torí pé ó rọ̀ níparí. Ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta.

Ǹjẹ́ wọ́n tiẹ̀ ti yí ìparí eré padà rí kí inú òǹwòran lè dùn?

Ó ti pẹ́. Ní 1681, Nahum Tate tún eré King Lear ti Shakespeare kọ. Cordelia, ọmọbìnrin ọba tó yẹ kó kú, kò kú mọ́, ó tún rí ọkọ fẹ́. Èyí ni wọ́n ń ṣe lórí ìtàgé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó lé ní 150 ọdún, títí tí òṣèré William Macready fi dá eré náà padà sí bí Shakespeare ṣe kọ ọ́ ní 1838.

Èyí tó wù mí jù ni ti fíìmù Jámánì kan tí F. W. Murnau ṣe ní 1924, Der letzte Mann. Aṣọ́nà òtẹ́ẹ̀lì ni bàbá àgbàlagbà inú rẹ̀. Torí ọjọ́ orí, wọ́n gba aṣọ iṣẹ́ tó fi ń yangàn lára rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa tọ́jú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi tí ìtàn náà ń lọ ṣe kedere. Lójijì, ọ̀rọ̀ kan hàn lójú fíìmù pé lójú ayé, ikú nìkan ló kù tí bàbá yìí ń retí, àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe ẹni tó kọ ìtàn náà. Ni bàbá bá jogún owó rẹpẹtẹ. Mo fara mọ́ ọn, torí pé wọn ò purọ́ fún wa. Wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀bùn ni.

Báwo lẹ ṣe ń mọ fíìmù ìbànújẹ́ gidi yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń fìyà jẹ èèyàn?

Mo máa ń wò ó bóyá ìbànújẹ́ náà hù láti inú ìtàn, àbí wọ́n kàn gbé e wá láti ìta. Bí àìsàn tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé pa ọmọ kan nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí orin sì ń dún kíkankíkan, wọ́n ń fipá gba omijé lójú mi ni, ó sì máa ń bí mi nínú.

Ẹ wá wo Bicycle Thieves, fíìmù tí Vittorio De Sica ṣe ní Ítálì ní 1948. Antonio ríṣẹ́ lílẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri nílùú Róòmù, àmọ́ iṣẹ́ náà ò ṣeé ṣe láìsí kẹ̀kẹ́. Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì wọn ya owó kí wọ́n lè rí kẹ̀kẹ́ gbà padà níbi tí wọ́n fi ṣe ìdúró. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, olè jí i. Òun àti Bruno, ọmọ rẹ̀ kékeré, wá a káàkiri ìlú, wọn ò rí i. Níkẹyìn, Antonio náà jí kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbá a létí, fìlà rẹ̀ já bọ́, gbogbo rẹ̀ sì ṣojú ọmọ. Bruno bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà náà, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù. Ọmọ yẹn ni ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ rí tó fi ní kí wọ́n fi Antonio sílẹ̀. Bàbá àtọmọ ń rìn lọ láàárín èrò, bàbá ń sunkún, ọmọ sì ki ọwọ́ bọ ọwọ́ bàbá rẹ̀. Fíìmù parí. Kẹ̀kẹ́ ò padà wá, iṣẹ́ ò sì sí mọ́. Bí wọ́n bá ní kẹ̀kẹ́ náà padà wá, ta ló máa rántí ọwọ́ Bruno?

Torí náà, ṣé dandan ni kí fíìmù parí sí ayọ̀?

Rárá. Kò sì pọn dandan kó parí sí ẹkún, bí àwọn kan ṣe gbà pé eré tó dùn ò lè jinlẹ̀. Ìparí aláyọ̀ tí ìtàn ṣiṣẹ́ fún máa ń pa mí lẹ́kún pẹ̀lú.

Bí ọkàn mi bá ti wúwo tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ó láwọn fíìmù tí mo fi pa mọ́ fún ọdún méjì kí n tó lè wò wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ jọ máa wò ó, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ òru, kí ẹ lè rí àyè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìbànújẹ́ náà ò bá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ àti oorun ò wọlé mọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fíìmù mọ́ nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹ bá sì ń wò ó lọ́wọ́ tí àyà yín ò gbà á mọ́, ẹ pa á. Kò sẹ́ni tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè ìdajì tó kù.