Wycinanki

Wycinanki ni orúkọ tí àwọn ará Pólándì ń pe bébà aláwọ̀ tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ní àwòrán igi, ẹyẹ, òdòdó tàbí ìràwọ̀, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ògiri láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe wycinać, tó túmọ̀ sí kí a gé nǹkan jáde, ni orúkọ náà ti wá. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará abúlé ni, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Agbègbè méjì ló gbajúmọ̀ jù fún un: Kurpie, ní àríwá-ìlà-oòrùn ìlú Warsaw, àti Łowicz, tó wà ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Warsaw.

Ìbẹ̀rẹ̀

Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún 19 ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ ní abúlé Pólándì. Nǹkan méjì ló ṣínà fún un. Èkíní ni bébà aláwọ̀ dídán tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, tó wá wọ́pọ̀ lọ́jà débi pé apá àgbẹ̀ ká a. Èkejì ni ògiri fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ilé onígi ní abúlé ni kò ní ihò èéfín. Èéfín iná ìdáná a máa rìn káàkiri yàrá kó tó ríbi jáde, ògiri a sì dúdú. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ihò èéfín sílé ni ògiri tó ṣeé fi ẹfun kùn. Lára ògiri funfun yìí ni bébà pupa tàbí aláwọ̀ ewé ti yọ dáadáa.

Ṣáájú ọdún Àjíǹde, tí àwọn mìíràn sì ń ṣe é ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n á fi ẹfun kun ògiri lákọ̀tun. Bébà ti tẹ́lẹ̀ á ti ṣá, èéfín àti eruku á ti bà á jẹ́. Wọ́n á ṣí i dànù, wọ́n á gé òmíràn, wọ́n á fi lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun sè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Wọn kò gé e kó lè pẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a ṣọ́ra bí a bá fẹ́ fi ìwọ̀nba tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ bí wycinanki ìgbà àkọ́kọ́ ṣe rí: ó jọ pé èyí tó pọ̀ jù ti bá ẹfun ọdún tó tẹ̀lé e lọ.

Irinṣẹ́ àti ọ̀nà gígé

Àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń rẹ́ irun àgùntàn ni irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí. Ó tóbi, ó sì wúwo. Irin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ kọdọrọ tí ojú rẹ̀ méjèèjì fi dojú kọ ara wọn. Kò ní ìṣó láàárín bí àlùmọ́gàjí aránṣọ, fúnra rẹ̀ ló ń là bí ọwọ́ bá ti dẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé kò lè ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ṣónṣó ẹnu rẹ̀ ló ń gé ẹ̀ka igi tó tín-ín-rín bí okùn, àti ogbe orí àkùkọ pẹ̀lú eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ìlànà àtijọ́, wọn kì í yàwòrán sórí bébà kí wọ́n tó gé e. Ojú ìṣẹ́po ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́. Bí oníṣẹ́ bá fẹ́ gé leluja, ìyẹn igi gíga tí ẹyẹ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀tún tòsì, á ṣẹ́ bébà po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní òró, á jẹ́ kí ojú aláwọ̀ wà nínú, kí ẹ̀yìn funfun sì kọjú sí òun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣẹ́po yìí ni ìtí igi wà, ọ̀nà ìta sì ni ẹ̀ka ń gbà yọ. Ìdajì igi àti àkùkọ kan ṣoṣo ló ń gé. Bó bá ṣí bébà, odindi igi ló máa rí, àkùkọ méjì á sì dojú kọ ara wọn. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ gé ojú ìṣẹ́po já láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni apá méjèèjì ti di ara wọn mú.

Gwiazda, ìyẹn ìràwọ̀, le ju èyí lọ. Wọ́n á ṣẹ́ bébà sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, ẹlòmíràn á tún ṣẹ́ ẹ dé mẹ́rìndínlógún. Bí ìpele ti ń pọ̀ ni bébà ń ki sí i, tí èyí tó wà láàárín sì ń fẹ́ yọ̀ kúrò lábẹ́ irin. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, àwọn ewé tó wà ní ìpele òkè kì í bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba pátápátá. Ìyàtọ̀ kékeré yìí wà lára ohun tí a fi ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, kò sì yẹ kí a kà á sí àbùkù.

Kurpie àti Łowicz

Ní Kurpie, pàápàá ní agbègbè Kadzidło àti Myszyniec, bébà aláwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń lò fún leluja àti ìràwọ̀. Ibi tí irin ti gé kúrò ló ń sọ̀rọ̀. Ní Łowicz, àwọ̀ ló jọba: wọ́n á gé ìpìlẹ̀, wọ́n á wá máa to bébà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mìíràn lé e lórí, títí ìyẹ́ ọ̀kín kan á fi ní àwọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Níbẹ̀ náà ni kodra wà, bébà onígun mẹ́rin gbọọrọ tó ń fi ìgbéyàwó tàbí iṣẹ́ oko hàn.

Pająki

Pająki, tó túmọ̀ sí aláǹtakùn, jẹ́ ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń so rọ̀ sí àjà. Wọ́n ń gé igi koríko ọkà tí inú rẹ̀ ṣófo sí kéékèèké, wọ́n á fi òwú sín in, wọ́n á sì fi òdòdó bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí oríkèé rẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti yí i.

Láti ara ògiri dé ọjà

Pólándì kò dá dúró láàárín ọdún 1795 sí 1918. Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria ló pín ilẹ̀ rẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ńlá fi ń wo iṣẹ́ ọnà abúlé gẹ́gẹ́ bí àmì orílẹ̀-èdè wọn. Ní ọdún 1949 ni wọ́n dá Cepelia sílẹ̀, àjọ tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ abúlé lọ sí ilé ìtajà ìlú. Wycinanki wá di ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí kékeré fún títà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ rí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gé fún ògiri fífẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó gbọ́dọ̀ wọ inú àpò àlejò. Níbi ìpàtẹ àgbáyé Shanghai ní ọdún 2010, ara ilé tí Pólándì kọ́ jẹ́ pákó tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ní àwòrán wycinanki, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ihò rẹ̀ kọjá.

Àwọn tó súnmọ́ ọn

Irú iṣẹ́ yìí wà ní Ukraine àti Belarus. UNESCO fi ti Belarus sínú àkójọ ogún àṣà rẹ̀ ní ọdún 2024, bó ti fi bébà gígé ti Ṣáínà síbẹ̀ ní 2009. Àwọn Júù Pólándì náà gé bébà. Èyí tí wọ́n ń pè ní mizrach, tó túmọ̀ sí ìlà-oòrùn, ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri tó kọjú sí Jerúsálẹ́mù, kí ará ilé lè mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló la Ogun Àgbáyé Kejì já.