Kòkòrò tí ò ní ìyẹ́ kì í ṣe bàbáńlá gbogbo kòkòrò

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Tí ọ̀rọ̀ kòkòrò bá ti délẹ̀, ẹnìkan á ṣáà sọ pé èyí tí ò bá ti ní ìyẹ́, ayé àtijọ́ ló ti wá, pé bí gbogbo wọn ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn kí àwọn yòókù tó hu ìyẹ́. Wọ́n á wá kó iná orí, ìdun, èèrà àti silverfish sójú kan náà. Silverfish ni kòkòrò aláwọ̀ fàdákà tó máa ń sá wìrìwìrì tẹ́ẹ bá ṣí páálí ìwé tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ti èèrà ò gba àríyànjiyàn, ẹni tó bá ti rí èèrà tó ń fò lẹ́yìn òjò ti mọ̀. Iná orí ńkọ́? Ìran tó ní ìyẹ́ ló ti wá. Ìdun gan-an, ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa rí nǹkan pẹlẹbẹ kékeré méjì tó ṣẹ́kù níbi tí ìyẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Àwọn yìí ní in, wọ́n sọ ọ́ nù ni. Silverfish ni ò ní in rí, àwọn tó bí i náà ò ní in.

Ní 1758, Carl Linnaeus, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ará Sweden, kó iná, silverfish, alántakùn, àkeekèé, títí dórí akàn, pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan tó pè ní Aptera torí pé kò sí ìyẹ́ lára wọn. Wọ́n ti tú ẹgbẹ́ yẹn ká tipẹ́, àwọn èèyàn ló ṣì ń tún un kó jọ.

Àwọn tó kà á díẹ̀ á wá ní ó dáa, ká kó àwọn tí ò ní ìyẹ́ rí nìkan pọ̀. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ dúró sí nìyí, nítorí ẹnu ló máa sọ òótọ́ fún wa. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní bristletail, ó jọ silverfish gan-an, ìrù mẹ́ta mẹ́ta ló wà nídìí àwọn méjèèjì, ìpẹ́ bo ara wọn, kò sí ìyẹ́. Àmọ́ ẹ wo àgbọ̀n wọn. Ti bristletail, oríkèé kan ṣoṣo ló fi so mọ́ orí, ó lè yí síbí yí sọ́hùn-ún. Ti silverfish, oríkèé méjì ni, bí ilẹ̀kùn tó ní ínjì lókè àti nísàlẹ̀, kó ṣí kó pa ni. Oríkèé méjì yẹn náà ló wà lẹ́nu tata àti aáyán! Ìyẹn ni pé silverfish bá tata tan ju bó ṣe bá bristletail tan lọ, kódà kí wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó wá parí síbẹ̀? Rárá. Ní Rhynie, Scotland, wọ́n rí ẹnu kòkòrò kan nínú òkúta tó ti lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún, orúkọ ẹ̀ ni Rhyniognatha. Ní 2004, àwọn kan wo oríkèé méjì tó wà níbẹ̀, wọ́n ní bóyá ó ti ní ìyẹ́ pàápàá. Ní 2017, àwọn míì ní ó jọ pé ìran àwọn ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn ni. Ẹnu nìkan, kò sí ara, ṣé ẹnu yẹn tó láti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lé lórí? Ó ṣòro fún mi láti gbà. Ìyẹ́ tó dájú jù nínú òkúta ò ju nǹkan bí 325 mílíọ̀nù ọdún lọ, àárín méjèèjì sì ṣófo. Torí náà, bí ìyẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ báyìí, ó lè jẹ́ báyẹn, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún torí pé wọ́n kó silverfish mọ́ ìdun kẹ́ẹ wá máa da ọ̀tapíápíá sáàárín ìwé àti aṣọ ọmọdé. Kì í jẹ èèyàn. Sítáàṣì, gúlúù ẹ̀yìn ìwé àti bébà ló ń jẹ, ibi tó bá lọ́rinrin ló sì fẹ́ràn. Ẹ sá àwọn ìwé yẹn sóòrùn díẹ̀, kẹ́ẹ gbé páálí wọn kúrò nílẹ̀.