ALK: oníbodè tí kì í dákẹ́ nínú neuroblastoma

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni neuroblastoma, jẹjẹrẹ iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ kiri ara, máa ń mú jù. Inú ẹran kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá ti lè dárúkọ jíìnì, ìwé àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí wọ́n á ṣe to purotéènì, báyìí, ẹbí á máa béèrè ìdílé tó ti wá: ti bàbá ni àbí ti ìyá? Ìbéèrè yìí lè tú ilé ká, bẹ́ẹ̀ nínú 100 ọmọ tó ní àrùn náà, ẹyọ kan sí méjì péré ló jogún rẹ̀. Ní ti àwọn yòókù, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni jíìnì ti yí padà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni di ẹrù ẹ̀bi yẹn lé ìyá lórí.

Láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ọlẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó máa di iṣan ti ní purotéènì kan lára awọ rẹ̀ tó ń jẹ́ ALK. Oníbodè ni: apá kan rẹ̀ wà níta, apá kan wà nínú. Bí ìránṣẹ́ bá dé láti ìta, oníbodè méjì á so pọ̀, wọ́n á ta àwọn ará inú lólobó, ọ̀rọ̀ á sì máa ti ẹnu dé ẹnu títí tí sẹ́ẹ̀lì á fi pín sí méjì. Bí ìránṣẹ́ bá lọ, oníbodè á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni ọgbọ́n ètò náà, torí òun ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣíwọ́ pínpín, kó dàgbà di iṣan.

Ègé tí wọ́n fi to ALK lé ní 1,600. Kí ẹyọ kan ṣoṣo yí padà ní ipò 1174 tàbí 1275, oníbodè á bẹ̀rẹ̀ sí í kéde àlejò tí kò wá. Ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ fi èyí hàn.

Ariwo náà ń dé ọ̀dọ̀ MYCN, purotéènì tó ń pàṣẹ ìdàgbà. Sẹ́ẹ̀lì máa ń tètè fọ́ MYCN dànù, àmọ́ AKT, ọ̀kan lára àwọn tí ALK ń rán níṣẹ́, á so ọwọ́ àwọn tó yẹ kó fọ́ ọ. Nínú nǹkan bí ọmọ kan lára márùn-ún, ẹ̀dà jíìnì MYCN ti pọ̀ rẹpẹtẹ ju méjì tó yẹ kó jẹ́ lọ. Níbi tí àyípadà ALK àti ọ̀pọ̀ ẹ̀dà MYCN bá ti pàdé, àrùn náà máa ń le gan-an.

Oògùn crizotinib máa ń gba àyè tí ALK ti ń rí agbára. Ó ń kápá àyípadà ipò 1275, ṣùgbọ́n ti 1174 ń gbójú sí i. Lorlatinib ló ń ká méjèèjì. Síbẹ̀, bí jẹjẹrẹ náà bá padà, àwọn ará inú bíi RAS lè ti yí padà, kí wọ́n máa pariwo láìdúró de oníbodè. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tún jíìnì inú kókó jẹjẹrẹ náà yẹ̀ wò kí wọ́n tó yan oògùn míì.