Erin ní àríwá Nàìjíríà àti bí wọ́n ṣe ń yẹ́ ẹ sí

Erin ni ẹranko tó tóbi jù lọ nínú gbogbo èyí tó ń rìn lórí ilẹ̀. Oríṣi méjì ló wà ní Áfíríkà, erin ọ̀dàn àti erin igbó kìjikìji, Nàìjíríà sì ní méjèèjì. Erin ọ̀dàn ni ti àríwá. Agbo rẹ̀ tó pọ̀ jù lọ tó ṣẹ́ kù lórílẹ̀-èdè yìí wà ní ọgbà ẹranko Yankari, ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Erin igbó, tó kéré sí i lára, ló kù ní gúúsù, nínú àwọn igbó bí Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìyẹn ni pé Yorùbá tó ń gbé Abuja, tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí àjànàkú tí wọ́n fi ń kì í, ọ̀nà Bauchi yá ju ọ̀nà ilé lọ. Giwa ni Hausa ń pe erin. Akọ ńlá ni toron giwa, wọ́n sì máa ń fi í ki ọba àti alágbára.

Akọ erin ọ̀dàn tó ti gbó lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 6. Nǹkan bí oṣù 22 ni abo fi ń lóyún, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí. Ìyá àgbà ló ń darí agbo, òun ló mọ ibi tí omi kù sí lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn akọ a máa kúrò láàárín agbo bí wọ́n bá ti ń bàlágà. Ọwọ́ ìjà erin, tí í ṣe imú àti ètè òkè tó papọ̀, kò ní egungun kankan nínú. Òun ló fi ń fa omi sẹ́nu, òun ló fi ń ṣa èso kékeré nílẹ̀, òun náà ló sì fi ń fa igi tu. Àwọn ọdẹ ti kíyè sí ọwọ́ yìí tipẹ́. Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo tí erin ní ló fi ń fa ọ̀pẹ méjì ya, pé bó bá jẹ́ méjì ni, ojú ọ̀run ni ì bá fà ya bí àkísà. Ti eyín tó fi ń rún oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ọ̀wọ́ mẹ́fà ló ń rọ́pò ara wọn láyé erin. Bí ti ìkẹfà bá jẹ tán, ebi ló sábà máa ń pa arúgbó erin.

Yankari fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóròó. Ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú. Ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ó sì padà sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi ní 2006. Láti 2014 ni àjọ Wildlife Conservation Society ti ń bá ìpínlẹ̀ náà bójú tó o. Odò Gaji ló la àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá ti gbẹ, etí odò yìí ni erin máa ń kó jọ sí. Ibi tí agbo bá gbà kọjá kì í fara sin: igi osè tí wọ́n fi eyín bó léèpo (osè kan náà tí Hausa ń sá ewé rẹ̀ fún ọbẹ̀ kuka), àti ìmí tó kún fún fọ́nrán igi àti kóró èso, tí yímíyímí ti dà bò. Nínú ìmí yìí ni kóró mìíràn ti ń hù, níbi tó jìnnà sí igi tó so ó.

Iye tí wọ́n sábà máa ń dá ni pé erin Nàìjíríà, tó tó 1,500 ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò tó 400 mọ́. Eyín rẹ̀ tí wọ́n ń tà ló fà á, àti oko tó ń jẹ igbó. Àgbẹ̀ tí erin fi òru kan ṣoṣo jẹ ọkà bàbà rẹ̀ run kò lè bá ará Abuja kọrin ìyìn erin, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gba àwọn ọ̀dọ́ abúlé tó yí Yankari ká síṣẹ́, láti máa ṣọ́ ibi tí agbo dorí kọ, kí wọ́n ta àwọn àgbẹ̀ lólobó, kí wọ́n sì dá erin padà sínú ọgbà.

Ní Abuja, ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ lọ eyín erin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn afàyàwọ́ di lúlúúlú. Ó tó tọ́ọ̀nù 2.5. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni wọ́n gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá jáde fún ìdáàbòbò erin.

Yorùbá náà ti lo eyín erin rí. Ìlú Ọ̀wọ̀ lókìkí fún gbígbẹ́ ẹ, eyín yìí sì ni wọ́n fi ń ṣe ìrọ́kẹ́, ohun tí wọ́n fi ń lu ọpọ́n Ifá, fún àwọn babaláwo ńlá. Ṣùgbọ́n ìrọ́kẹ́ onígi náà wà látijọ́, Ifá kò sì kọ̀ ọ́. Orúkọ bí Àjànàkú àti Erinfọlámí kò gba eyín lọ́wọ́ erin kankan, bẹ́ẹ̀ ni onígángan tó rí ọlọ́lá tó ń wọlé níbi ìnáwó ní Kubwa tàbí Nyanya l'Abuja, tó fi ìlù pè é ní erin.

Ọjọ́ Erin Lágbàáyé bọ́ sí 12 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún. Patricia Sims, ọmọ Kánádà, àti àjọ Elephant Reintroduction Foundation ti Thailand ló dá a sílẹ̀ ní 2012. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwòrán yíyà àti owó dídá fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ọjọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ bá àríwá mu: àwọn ọmọ iléèwé wà ní ìsinmi, òjò ń rọ̀, koríko Yankari sì ti ga. Ẹni tó bá fẹ́ rí agbo dáadáa, kó lọ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, kó gba Akwanga àti Jos dé Bauchi, kó sì tẹ̀ lé ẹ̀ṣọ́ ọgbà wọlé. Ìsun omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ Wikki wà níbẹ̀ fún wíwẹ̀, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ sì ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò. Ẹni tó bá lọ lóṣù kẹjọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òwe ló máa rí: àjànàkú kọjá, mo rí nǹkan fìrí.