Àpò sìmẹ́ńtì là ń kà, a kì í ka garawa omi

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè gbọ́ kí n dákẹ́ mọ́. Ó wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń tún ilé ṣe ní Òṣogbo yìí, láti Òkè-Fìà dé Òkè-Baálẹ̀. Wọ́n á ní: "Má gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kankan. Fúnra rẹ ra ohun èlò, dúró tì wọ́n láti àárọ̀ títí di alẹ́, iṣẹ́ á dára." Àwọn mìíràn tún ń sọ pé bí ara ẹni bá le, kí a kúkú fúnra wa po sìmẹ́ńtì, ká fúnra wa tẹ́ ẹ, kí owó birikila wà lápò wa.

Pé àwọn kan ń jí sìmẹ́ńtì, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tó gba owó àpò 20 tó lọ ra 14, gbogbo wa la ti pàdé irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìmọ̀ràn yẹn ń fi yé wa ni pé olè nìkan ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, pé bí a bá ti lé olè, iṣẹ́ ti dára nìyẹn. Ibẹ̀ ni èmi àti àwọn tó ń sọ ọ́ kò ti gbọ́ ara wa yé.

Mo ti ṣe bí wọ́n ṣe wí. Inú oṣù keje ni, mo fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi, níbi tí a ti ń dáná tí a sì ń fọṣọ. Èmi ni mo lọ ra sìmẹ́ńtì, àpò mẹ́sàn-án. Èmi ni mo dúró nígbà tí wọ́n ń já yanrìn àti òkúta. Mo gbé àga síta, mo jókòó tì wọ́n, wọn ò ya àpò kan lẹ́yìn mi, mo sì ka gbogbo àpò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nígbà tí wọ́n ṣófo. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ilẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìyẹ̀fun. Bí ọmọ bá gbá a láàárọ̀, ohun tó máa kó dànù á dà bí eérú, tó bá tún di ọjọ́ kejì, eérú mìíràn á ti wà níbẹ̀. Mo fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ họ ọ́, òkè rẹ̀ ń hó kúrò, ìsàlẹ̀ sì le díẹ̀ jù ú lọ.

Mo pe ọ̀gá birikila, mo fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ tán, ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà wà níbẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé èmi gan-an ni mo fa rọ́bà láti ẹnu ẹ̀rọ omi. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ní, "Mọ́mì, ẹ bá wa fi omi sí i, ó ti le jù fún ṣọ́bìrì," èmi ni mo di ẹnu rọ́bà náà mú tí mo ń da omi sí i, tí mo sì rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Omi yẹn ni kò yé wa. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò sì wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà, torí a máa ń sọ pé kọnkéré "ti gbẹ". Kọnkéré kì í gbẹ bí aṣọ ṣe ń gbẹ. Bó bá jẹ́ gbígbẹ ló ń mú un le, a jẹ́ pé òjò àkọ́kọ́ ni ì bá sọ ọ́ di ẹrẹ̀ padà bíi bíríkì alámọ̀ tí a kò sun, òpó afárá inú odò ò bá sì má dúró. Ńṣe ni sìmẹ́ńtì ń jẹ omi, tí àwọn méjèèjì jọ ń di nǹkan mìíràn tó le. Omi tó sì lè jẹ níwọ̀n. Àpò kan wúwo tó kílò 50. Omi tí àpò náà máa jẹ ní ti gidi kò ju bí ìdá mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ lọ, ìyẹn bíi líítà 12. Ìyókù tí a ń fi kún un, kó lè ṣe é pò kó sì lè wọ gbogbo igun ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá tó líítà 25 fún àpò kan, ó ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé: garawa ọ̀dà ńlá kan tó ń gba líítà 20, àti ìdá mẹ́rin òmíràn. Èyí tó bá lé sí i, sìmẹ́ńtì ò ní rí i jẹ. Omi náà á wá ọ̀nà jáde, ibi tó bá sì gbà jáde á di ihò wínníwínní tí ojú ò lè rí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ọdún 1918 ni ará Amẹ́ríkà kan, Duff Abrams, ti tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde pé ìwọ̀n omi sí sìmẹ́ńtì ló ń sọ bí kọnkéré ṣe máa lágbára tó. Èyí túmọ̀ sí pé èèyàn lè ra àpò mẹ́sàn-án, kó lo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé, kó sì fi omi sọ agbára wọn di ti mẹ́fà. Olè kankan kò sí níbẹ̀.

Mo tún ronú sí ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, òkúta àti yanrìn rì sísàlẹ̀, omi wá sókè, ilẹ̀ ń dán bíi dígí. Ọ̀gá birikila kò dúró kí omi náà lọ. Ó bu sìmẹ́ńtì gbígbẹ lọ́wọ́ọwọ́, ó ń wọ́n ọn sórí rẹ̀ kó lè fa omi náà mu, ó sì ń fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ kó lè jọ̀lọ̀. Inú mi dùn nígbà yẹn, mo rò pé ó ń fi ohun rere kún un fún mi. Ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo omi mọ́lẹ̀, awọ yẹn ló sì ń hó lábẹ́ ìgbálẹ̀ mi títí di òní.

Àsìkò òjò sì ni. Yanrìn tí òjò pa mọ́jú ti gbé omi tirẹ̀ dání. Bí a bá wá da iye omi tí à ń dà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ sí i, ó ti pọ̀ jù kó tó kan ṣọ́bìrì rárá.

Ẹni tó ní òun máa fúnra òun ṣe é ńkọ́? Ẹ̀rù tirẹ̀ ló ń bà mí jù. Kọnkéré tí omi rẹ̀ mọ níwọ̀n, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni láti fi ṣọ́bìrì yí i. Ọmọ iṣẹ́ tí èyí ti mọ́ lára ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, kí wá ni ẹni tó ti ọ́fíìsì dé lọ́jọ́ Sátidé máa ṣe? Lẹ́yìn yíyí ẹ̀ẹ̀kẹta, yóò ké pe ọmọ pé kó gbé omi wá.

Birikila ni Adébísí Àkànjí ní ìlú yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ńtì ṣe ère, tó sì bá Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, ṣiṣẹ́ ní Igbó Ọ̀ṣun. Òjò àti ọjọ́ pípẹ́ ti ṣe àwọn ère ibẹ̀ léṣe, wọ́n sì ti ń tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ dúró níwájú ọ̀kan nínú wọn kí ẹ wo bí apá rẹ̀ ṣe nà. Sìmẹ́ńtì tí a pò bí ọbẹ̀ kò ní dúró lọ́wọ́ ẹni tó ń mọ ọ́n.

Omi tí a kò fẹ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń tẹ́ ẹ ni kọnkéré sì ń bẹ̀bẹ̀ fún lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mi ò mọ èyí náà. Ó yẹ kí a fi àpò rírin bò ó, kí a máa wọ́n omi sí i fún ó kéré tán ọjọ́ méje, torí pé ó ṣì ń jẹ omi lọ ni. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà máa ń kà kí wọ́n tó wọn agbára rẹ̀. Tèmi, ọjọ́ kejì la gbé agbada lé e.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi báyìí pé òun dúró ti birikila òun látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìbéèrè kan ni mo ń bi í: garawa omi mélòó ló wọ àpò kan? Mi ò tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn.

Mi ò lè búra pé omi nìkan ló ba tèmi jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí amọ̀ wà nínú yanrìn náà. Mi ò bu díẹ̀ sínú ìgò kí n fi omi mì ín, kí n gbé e kalẹ̀ wo bí ẹrẹ̀ ṣe máa tò sórí yanrìn. Mi ò sì wo ara àpò bóyá 32.5 ni tàbí 42.5, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí sìmẹ́ńtì ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí dídára ọjà ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n fi 32.5 mọ sórí rírẹ́ ilé. Dídúró tì wọ́n sì lè wúlò fún ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí ni òpó àti dẹ́kì. Ilẹ̀ tó ń hu eérú, imú ló ń dí. Òpó tí omi ti jẹ agbára rẹ̀ kò ní fi hàn yín títí ẹrù á fi gorí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín ṣe é, ẹ má sì rò pé àga tí ẹ gbé síta ti tó. Ẹ wá ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, mọ̀, kó bá yín wò ó kí wọ́n tó dà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ ṣe àtẹ̀gùn iwájú ilé. Kí n tó bá birikila kankan dúnàádúrà, mo bi í ní garawa omi tó máa lò fún àpò kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n fọkàn balẹ̀. Èkejì ní ojú lòun fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó rìn lọ sídìí yanrìn, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò. Ó ní, "Mọ́mì, òjò pa yanrìn yìí lánàá, kò ní gbà tó garawa kan." Òun ni mo gbé iṣẹ́ fún. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí àtẹ̀gùn náà wà lábẹ́ àpò, mo sì ti wọ́n omi sí i láàárọ̀ yìí.