Ta ló ní bí ìkànnì bá ti parí sí .org, òótọ́ ló wà níbẹ̀?

Iṣẹ́ àṣetiléwá ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Àdùkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní JSS2, wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn, ó sì gbé ìwé rẹ̀ dání. Ìbéèrè tí wọ́n fún wọn kò le: ta ló kọ ọ̀rọ̀ orin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọdún wo la sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó? Ó gba fóònù mi. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó ti kọ ìdáhùn sílẹ̀: ọdún 1978 ni, ọ̀rọ̀ èèyàn márùn-ún ni wọ́n pa pọ̀, ẹgbẹ́ olórin ọlọ́pàá tí Benedict Odiase ń darí ló sì ṣe ohùn rẹ̀.

Mo bi í pé, "Orin wo lẹ kọ ní asẹ́ńbìlì láàárọ̀ àná?"

Ó ṣí ẹnu, ó pa á dé. "We hail thee," ló wí, bí ẹni tó jí nǹkan.

Ohun tó kọ kì í ṣe irọ́. Orin ti 1978 nìyẹn lóòótọ́. Àmọ́ ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó dá orin àtijọ́ padà, èyí tí a fi gba òmìnira ní 1960, tí Lillian Jean Williams kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí Frances Benda sì ṣe ohùn rẹ̀. Ẹni tó kọ ojú ewé tí Àdùkẹ́ rí ti kọ ọ́ tipẹ́ kí òfin náà tó jáde, kò sì padà débẹ̀ mọ́. Ibi tí ọmọ náà takú sí nìyí: "Ṣùgbọ́n .org ni o, Àǹtí! Tíṣà wa ní bó bá ti jẹ́ .org tàbí .edu, ká mú un. Bó bá jẹ́ .com, ká fi sílẹ̀. Ká má sì débi Wikipedia rárá."

Ẹ̀rín pa mí. Wikipedia.org ni àdírẹ́sì Wikipedia.

Mi ò bá tíṣà náà wí o. Òfin yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́, kì í sì í ṣe nílẹ̀ wa nìkan. Ó tiẹ̀ níbi tó ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pín ìrù fún àdírẹ́sì ní 1985, .com ni ti àwọn oníṣòwò, .edu ni ti ilé ẹ̀kọ́, .gov ni ti ìjọba Amẹ́ríkà, .org sì ni ti ẹgbẹ́ tí kò bá rí ibòmíràn wọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń yẹ ìwé wò. Ní ti .org, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní káàdì báńkì lè ra tiẹ̀ lónìí kí ìrẹsì orí iná tó jinná, wọn ò ní bi í bóyá ẹgbẹ́ ni tàbí òun nìkan ni. Pátákó tí wọ́n kọ "Dókítà" sí ni: ó lè jẹ́ dókítà lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ tó gbé pátákó kọ́ ló di dókítà.

Èyí tó burú jù nínú àwọn tí mo mọ̀ ni martinlutherking.org. Láti òpin àwọn ọdún 1990 títí wọ ọdún 2018 ló fi wà lórí ayélujára. Orúkọ rẹ̀ mọ́, ìrù rẹ̀ dára, fún ọ̀pọ̀ ọdún ló sì wà lára ohun tí Google máa ń kọ́kọ́ gbé jáde bí ọmọ ilé ìwé bá wá Martin Luther King, ẹni tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Ó tilẹ̀ ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n wá dán ìmọ̀ wọn wò nípa King. Ìgbà tí èèyàn bá yí i dé ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa rí lẹ́tà wínníwínní tó ní Stormfront ló gbé e kalẹ̀. Don Black, tó ti ṣe olórí rí nínú Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó kórìíra èèyàn dúdú, ló dá Stormfront sílẹ̀, ìkànnì àwọn aláwọ̀ funfun tó gbà pé èèyàn dúdú kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn. Ìbàjẹ́ King ni "ìdánwò" tí wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ wá ṣe. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé òfin .org á rìn wọlé tààrà, á sì jókòó.

Ti .edu ńkọ́? Ó sàn jù, mo gbà. Láti 2001, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí àjọ ìfọwọ́sí Amẹ́ríkà mọ̀ nìkan ló lè gbà á. Síbẹ̀, ẹni tó ni ilé ọ̀tọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá ọ̀tọ̀. Alan November, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan, sọ ìtàn ọmọ ọdún 14 kan tó kọ iṣẹ́ ilé ìwé pé Hitler kò pa àwọn Júù nípakúpa bí ayé ṣe ń sọ. Níbo lọmọ náà ti rí i? Lórí ìkànnì Yunifásítì Northwestern, lábẹ́ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n. Òótọ́ ni pé Arthur Butz ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ló ń kọ́ wọn, ìtàn kọ́. Ojú ewé ti ara rẹ̀ ló kọ irọ́ náà sí, àdírẹ́sì yunifásítì sì bò ó lórí bí agboòrùn. Nílé níbí náà, wọn kì í ta .edu.ng àti .gov.ng fún ẹni tó bá kàn nawọ́ owó, ìyẹn dáa. Ó sọ onílé fún wa. Kò sọ ìgbà tí wọ́n gbálẹ̀ níbẹ̀ kẹ́yìn.

Àwọn àmì yòókù tí a ń gbára lé kò yàtọ̀. Àgádágodo kékeré ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì kàn ń sọ pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ìwọ àti ìkànnì náà ń bára yín sọ. Gbájú-ẹ̀ náà máa ń tilẹ̀kùn. Google yọ àgádágodo náà kúrò lórí Chrome ní 2023 nítorí pé àwọn èèyàn ń ṣì í lóye. Kiddle tí àwọn òbí kan ń pè ní Google àwọn ọmọdé kì í ṣe ti Google. Bí ìdáhùn bá sì wà lókè pátápátá, ẹ rántí pé ní 2024, ìdáhùn tí ẹ̀rọ Google kọ fúnra rẹ̀ gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó fi gọ́ọ̀mù sí písà kí wàràkàṣì má baà yọ̀ bọ́. Àwàdà tí ẹnì kan ti dá lórí Reddit, ìkànnì tí ẹnikẹ́ni ti lè sọ tẹnu rẹ̀, lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn ló gbé sọ́wọ́.

Ẹwà ojú ewé ńkọ́? Láti 1998 ni ìkànnì kan ti ń ṣàpèjúwe octopus kan, ẹran òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, tí wọ́n ní ó ń gbé orí igi nínú igbó Amẹ́ríkà, tó sì fẹ́ kú run. Àwòrán wà níbẹ̀, oúnjẹ tó ń jẹ wà níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ pé kí a gbà á là náà wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kàn ń ṣeré ni. Nígbà tí Donald Leu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Connecticut fi han àwọn ọmọ tó mọ ìwé kà dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbà á gbọ́.

Gbogbo àmì tí mo kà sílẹ̀ yìí, ara ìkànnì náà ni wọ́n wà, ọwọ́ ẹni tó ni ín ni wọ́n sì ti jáde. Ẹ wo bí àwọn àgbà wa ṣe ń wádìí ọkọ ìyàwó. Ta ló ń bi ọkọ ìyàwó bóyá olè ni? Àdúgbò ni alárinà ń lọ: ó ń bi ìyá tó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń bi ẹni tí wọ́n jọ gbélé rí. Ohun tí àwọn olùwádìí Sam Wineburg àti Sarah McGrew rí ní Yunifásítì Stanford ní 2017 nìyẹn. Wọ́n gbé ìkànnì síwájú èèyàn 45: onímọ̀ ìtàn 10, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford 25, àti èèyàn 10 tó jẹ́ pé yíyẹ ìròyìn wò ni iṣẹ́ wọn. Àwọn onímọ̀ ìtàn àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sójú kan, wọ́n ń ka ohun tí ìkànnì sọ nípa ara rẹ̀, wọ́n ń wo àmì rẹ̀ àti ìrù àdírẹ́sì rẹ̀, ó sì tan púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò kì í pẹ́ níbẹ̀. Kíá, wọ́n á ti ṣí ojú ewé mìíràn, wọ́n á tẹ orúkọ ìkànnì náà síbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ohun tí aráyé ń sọ nípa rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó padà wá kà á, bó bá yẹ ní kíkà.

Ohun tí mo kọ́ Àdùkẹ́ náà nìyẹn, dátà tó sì ná mi kò tó ti fídíò ijó kan. Mo ní kó yí ojú ewé orin orílẹ̀-èdè rẹ̀ dé ìsàlẹ̀: kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sí ọjọ́. Mo ní kó ṣí ojú ewé kejì, kó wá Wikipedia tí wọ́n ní kó má débẹ̀. Ìlà kejì ti sọ nípa 2024. Mo fi nọ́ńbà kékeré aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn gbólóhùn náà hàn án, mo ní kó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e lọ sí ìwé ìròyìn tó gbé ọ̀rọ̀ òfin náà. Ìwé ìròyìn yẹn ni kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè tún Wikipedia kọ, tíṣà kò purọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lò ó bí ọlọ́jà tó ń júwe ìsọ̀ ẹlòmíràn fún wa.

Fún ìsọ̀ gan-an, Britannica ni mo fẹ́ràn jù, nítorí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe sábà máa ń wà níbẹ̀. .com ni, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ sánmà, NASA. Ìṣirò, Khan Academy. BBC Bitesize dára fún sáyẹ́ǹsì, àmọ́ ọmọ ilé ìwé Bìrìtéènì ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Ẹni tó bá lọ wá ìtàn Ọ̀yọ́ níbẹ̀ á pẹ́ kó tó dé. Fún àwọn tó ti dé SS, ìkànnì WAEC ní ibi tí wọ́n kó ìbéèrè àtẹ̀yìnwá sí, pẹ̀lú ohun tí àwọn ọ̀gá olùmáàkì sọ nípa bí àwọn ọmọ ṣe dáhùn.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àdùkẹ́ pè mí lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ìbéèrè tuntun: ta ló ṣàwárí Odò Ọya? Ìkànnì mẹ́ta tó kọ́kọ́ rí ló kọ Mungo Park. Ó ní òun ti bi àdúgbò. Britannica kò kọ ọ́ báyẹn, arìnrìn-àjò ará Scotland tó lọ yẹ odò náà wò ló pè é. Ó tún bá ìwé tí Park fúnra rẹ̀ kọ pàdé, tí wọ́n tẹ̀ ní 1799, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ìkànnì tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. (.org ni, ó rán mi létí.) Èmi àti ẹ̀ jọ kà á lórí fóònù. Ní oṣù Keje ọdún 1796, Park dé Segou, ní Mali òde òní, ó fẹ́ sọdá. Èrò pọ̀ létí omi débi pé ó dúró ju wákàtí méjì lọ, kò rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹrú ọba ló ń tu ọkọ̀; owó ẹyọ 10 ni ẹnì kan ń san, ọba sì ń rí owó gidi níbẹ̀.

Àdùkẹ́ ní kí n tún ibi owó ẹyọ náà kà. Mo gbọ́ tí bírò ń họ ìwé. Ó wá ka ìdáhùn rẹ̀ sí mi létí: "Nígbà tí Mungo Park dé etí odò náà, ọba ti ń gba owó ọkọ̀ níbẹ̀."